Mo fẹ́ kó ìwé ilé ìtọ́jú ẹran mi wọ kọ̀ǹpútà: báwo ni kí n ṣe pín in?

Dókítà_Àkóbọ̀, Ọjọ́ Ajé, 9:14 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Dókítà ẹran ni mí ní Ìbàdàn. Ajá àti ológbò ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá. Mo ní kéèjì 14 lẹ́yìnkùlé, ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń fi ajá wọn sí tí wọ́n bá fẹ́ rìnrìn àjò. Ìwé mẹ́ta ni mo ń lò: ìwé àìsàn, ìwé kéèjì, ìwé gbèsè. Excel kan náà tún wà tí agùnbánirọ̀ kan ṣe fún mi kó tó lọ, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ mọ́.

Ohun tó sún mi kan ògiri nìyí. Kérésì tó kọjá, ajá méjì dé lọ́jọ́ 23, kéèjì kan náà la kọ àwọn méjèèjì sí. Akọ̀wé mi ló gba ti àkọ́kọ́ láti oṣù Kẹwàá, èmi ni mo gba èkejì lórí fóònù, ojú ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la kọ wọ́n sí. Pálọ̀ mi ni ọ̀kan sùn títí ọdún tuntun fi wọlé, ó sì jẹ bàtà ọkọ mi méjì, ẹsẹ̀ òsì nìkan. Ìyẹn tilẹ̀ tún kéré. Bingo mẹ́rin ló wà nínú ìwé mi. Lóṣù Kejì, ọ̀kan wá gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, akọ̀wé ṣí ìwé, ó ní ó ti gbà á. Bingo ẹlòmíràn ló gbà á! Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹni tó ni ajá mú káàdì dání.

Mo ti ya tábìlì kan sórí bébà. Àwọn òpó rẹ̀: orúkọ oníbàárà, fóònù, orúkọ ajá, ẹ̀yà, ọjọ́ orí, ìwọ̀n, abẹ́rẹ́1, abẹ́rẹ́2, abẹ́rẹ́3, kéèjì, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde, owó, gbèsè. Gbogbo rẹ̀ lórí ìlà kan. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí? Ẹ dákun, ẹ má fi èdè kọ̀ǹpútà pa mí.

Baba_Excel, Ọjọ́ Ajé, 9:40 àárọ̀

Dókítà, ẹ kú làálàá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín níbí o, Excel tó. Ọdún méje ni mo fi ṣe ìṣirò ṣọ́ọ̀bù màmá mi lórí ẹ̀. Ohun tí ẹ yà yẹn dáa. Ẹ fi àwọ̀ pupa sí kéèjì tí ẹran bá wà nínú ẹ̀, ẹ fi àwọ̀ ewé sí èyí tó ṣófo. Ti Bingo, nọ́ńbà fóònù ni kí ẹ fi ṣe ìdánimọ̀, torí èèyàn méjì kì í ní nọ́ńbà kan. Ó tán.

Akódátà, Ọjọ́ Ajé, 11:02 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ mà. Baba_Excel, mo kí yín o, àmọ́ kò tíì tán. Bàbá tó bí mi lọ́mọ ti yí láìnì lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún méjì. Tọkọtaya lè fi nọ́ńbà kan sílẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo sì lè ní ajá mẹ́ta, tí méjì nínú wọn ń jẹ́ Bingo. Ẹran kọ̀ọ̀kan ni kó gba nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀ kankan: 1, 2, 3, ó ń lọ. Kò ní yí padà láéláé, a ò sì ní fún ẹran mìíràn kódà bí ti àkọ́kọ́ bá kú. Ẹ kọ ọ́ sára káàdì àjẹsára rẹ̀ pẹ̀lú. Bingo 217 àti Bingo 340, ìjà parí.

Ní ti ìlà gígùn yẹn, ẹ gbọ́ mi dáadáa mà. Kí n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, mo máa ń ya nǹkan sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ṣẹlẹ̀ sí nǹkan náà. Ajá jẹ́ nǹkan. Pé ó wá lónìí, ara rẹ̀ gbóná, kò jẹun láti àná: ìyẹn ṣẹlẹ̀ ni. Kéèjì 6 jẹ́ nǹkan. Pé Bingo sùn níbẹ̀ láti ọjọ́ 23 sí 27: ìyẹn náà ṣẹlẹ̀ ni. Ìlà tí ẹ yà da gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹni bu àmàlà lé ẹ̀bà lórí. Bí oníbàárà tó ní ajá mẹ́ta bá yí láìnì, ibi mẹ́ta ni akọ̀wé máa ti ṣàtúnṣe. Ó máa ṣe méjì, fóònù á dún, ó máa gbàgbé ẹ̀kẹta.

Ẹ wo abẹ́rẹ́1 sí abẹ́rẹ́3. Ajá tó bá lo ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ yín, ti dìgbòlugi nìkan lọ́dọọdún ti tó mẹ́wàá. Ṣé ẹ máa ya abẹ́rẹ́14 ni? Abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kó ní ìlà tirẹ̀ nínú tábìlì tirẹ̀: nọ́ńbà ẹran, irú abẹ́rẹ́, ọjọ́ tí ẹ gún un, nọ́ńbà batch (ìyẹn àwọn ìgò tí wọ́n jọ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà) tó wà lára ìgò, ọjọ́ tí ìgò náà máa kọjá àkókò, ẹni tó gún un. Lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá ní batch kan kò dáa, ẹ máa rí orúkọ gbogbo ajá tó gbà á láàárín ìṣẹ́jú kan.

Tèmi á rí báyìí: Oníbàárà. Ẹran. Ìbẹ̀wò, ìyẹn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹran wá rí dókítà. Abẹ́rẹ́. Kéèjì. Ìsùn, ìyẹn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹran sùn sí kéèjì. Ìwé owó, àti ohun tó wà lórí ìwé owó. Owó tó wọlé. Tábìlì mẹ́sàn-án, nọ́ńbà ẹran àti nọ́ńbà oníbàárà ló so wọ́n pọ̀. Ọjọ́ orí kì í wọbẹ̀ rárá, ọjọ́ ìbí là ń kọ, kọ̀ǹpútà á máa ka ìyókù. Kì í ṣe ọgbọ́n orí mi o. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Edgar Codd ní IBM ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1970, títí dòní ẹsẹ̀ ẹ̀ la ṣì ń tọ̀.

Vẹ́ẹ̀tì_Abẹ́òkúta, Ọjọ́ Ajé, 1:25 ọ̀sán

Akódátà, o ṣeun, ó hàn pé o mọ iṣẹ́ ẹ, ó sì hàn pé o ò tíì jókòó sí ilé ìtọ́jú ẹran rí. Ọjọ́ ìbí wo? Ìdajì àwọn tó ń wá bá mi ni kò mọ̀ ọ́n. "Dókítà, abẹ́ afárá la ti rí i." Eyín la máa ń yẹ̀ wò. Eyín wàrà ajá ti máa ń jáde tán ní nǹkan bí oṣù méjì, ti àgbà á ti rọ́pò wọn ní nǹkan bí oṣù méje; lẹ́yìn ìyẹn, àfojúbù ni. Òpó méjì ni kí dókítà fi sí i: ọjọ́ ìbí, àti òmíràn tó ń sọ bóyá a mọ̀ ọ́n àbí a fojú bù ú. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọdún márùn-ún sí i, ẹnì kan á ka "1 January" nínú kọ̀ǹpútà, á rò pé òótọ́ ni.

Ìwọ̀n ńkọ́? O ò dárúkọ ẹ̀, dókítà sì kọ ọ́ sára ajá. Ti ìbẹ̀wò ni. Ọmọ Boerboel, irú ajá ńlá kan, tó wọn kílò 9 lóṣù Kẹta lè ti kọjá 30 lóṣù Kẹjọ. Orí kílò la ti ń ṣírò oògùn, bí ẹ bá fi ìwọ̀n àtijọ́ fa oògùn, ẹ ò fún un ní nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá gun òṣùwọ̀n, kí fọ́ọ̀mù sì máa béèrè lẹ́ẹ̀kejì bí nọ́ńbà tuntun bá fi púpọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Akọ́ṣẹ́ kan lọ́dọ̀ mi kọ 35 fún Lhasa tó wọn 3.5. Mo ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ kí n tó bojú wo ajá tó wà níwájú mi, tí n lè fi ọwọ́ kan gbé. Àyà mi já.

Adìyẹ náà wà níbẹ̀. Dókítà, mo mọ̀ pé ajá lẹ sọ, àmọ́ lọ́jọ́ kan màmá kan á wọlé, ó ní adìyẹ 500 lóko, 12 ti kú láàárọ̀ yìí. Ṣé ẹ máa sọ wọ́n lórúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni? Lọ́dọ̀ mi, agbo kan, ìlà kan, òpó kan sì wà fún iye wọn. Àwọn 12 tó kú, inú ìbẹ̀wò ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń lọ, ẹ má kàn pa 500 rẹ́ kí ẹ kọ 488.

Akódátà, Ọjọ́ Ajé, 1:58 ọ̀sán

Mo gbà lórí ọjọ́ ìbí, mo gbà lórí ìwọ̀n, ẹ ṣeun sà. Ti agbo yẹn kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un: ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ míì tọ́, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà lè ṣírò ẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ gún ti ìṣáájú. Nǹkan tí a bá lè ṣírò, a kì í tọ́jú ẹ̀.

Vẹ́ẹ̀tì_Abẹ́òkúta, Ọjọ́ Ajé, 2:10 ọ̀sán

Ibi tí a ti máa yapa nìyí. Ọmọ ajá ń bẹ̀rẹ̀ DHLPP, abẹ́rẹ́ kan tó ń dènà àìsàn ajá mélòó kan pọ̀, ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, a ń tún un gún ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin sí ara wọn títí ó fi máa pé ọ̀sẹ̀ 16, torí ààbò tó mu nínú wàrà ìyá ẹ̀ lè sọ abẹ́rẹ́ di omi. Ti dìgbòlugi kì í bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 12. Ọjọ́ orí ẹ̀, bí ara ẹ̀ ṣe rí, ọjọ́ tó gba ti ìṣáájú, gbogbo ẹ̀ ni mo ń wò pọ̀. Bí ara ẹ̀ bá gbóná lọ́jọ́ náà, mo lè ní kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyẹn. Ìpinnu dókítà ni, ìpinnu dókítà sì gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀.

Akódátà, Ọjọ́ Ajé, 2:31 ọ̀sán

Ó yé mi. Kí kọ̀ǹpútà dábàá ọjọ́ kan, kí dókítà lè yí i, kí èyí tó fọwọ́ sí wọ tábìlì. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ìyá_Kẹ́nẹ̀ẹ̀lì, Ọjọ́ Ajé, 8:47 alẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè jókòó ni. Ilé ìgbàlejò ajá ni mo ní l'Ékòó, kéèjì 22, mi ò kì í ṣe dókítà. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dáa, àmọ́ kò sẹ́ni tó tíì sọ ti ìyọnu.

Ìyàwó kan gbé Alsatian wọn wá. Ọkọ rẹ̀ ló fowó ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ọkùnrin kan dé, ó ní àbúrò ọkọ lòun, ó mọ orúkọ ajá, ajá ń ju ìrù sí i, mo bá tú ajá fún un. Ìrọ̀lẹ́, ìyàwó dé. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀, àti pé ajá yẹn gan-an ni wọ́n ń jà lé lórí! Ẹ wo bí obìnrin yẹn ṣe sunkún sí mi lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń pè mí láti ọ̀dọ̀ lọ́yà.

Nítorí náà, dókítà mi, ẹ má kàn so ẹran mọ́ oníbàárà kan. Ẹ ṣe tábìlì kan sí àárín àwọn méjèèjì: nọ́ńbà ẹran, nọ́ńbà èèyàn, àti ohun tí ẹni náà jẹ́ sí ẹran. Ó ni ín. Ó ń sanwó ẹ̀. Ó lè wá gbé e lọ. Òun la máa pè bí nǹkan bá ṣe é lóru. Ẹnì kan lè jẹ́ gbogbo ẹ̀, èèyàn mẹ́rin sì lè pín in. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí lábẹ́ "ó lè wá gbé e lọ", kódà kó jẹ́ póòpù, ajá ò ní kúrò ńlẹ̀.

Lórí ìsùn, ẹ kọ iye tí wọ́n gbà kí ẹ ná sí ẹran bí ara ẹ̀ ò bá yá tí wọn ò sì gbé fóònù. Ẹ kọ oúnjẹ tó ń jẹ àti iye ìgbà. Kéèjì náà ní ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ gba ẹnikẹ́ni. Ajá kan yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ lọ́dọ̀ mi, parvo ni, àìsàn inú tó ń ran láti ara ajá kan sí òmíràn. Kòkòrò yẹn lè wà lórí sìmẹ́ǹtì fún oṣù púpọ̀, ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọlẹ̀ ni kò sì ràn án. Jik ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n 30 ni dókítà mi ní ká fi fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí a bá ti fi ọṣẹ kó ẹ̀gbin ẹ̀ kúrò, ká sì ti kéèjì náà pa. Ọmọ ọ̀dọ̀ mi ò mọ̀, ó fi ọmọ ajá míì síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì torí ìwé ní ó ṣófo. Mo san owó ajá yẹn.

Vẹ́ẹ̀tì_Abẹ́òkúta, Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́

Pẹ̀lẹ́, ìyá. Mo fi kún un: parvo máa ń fara pamọ́ sára ajá fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí méje kó tó hàn, nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ajá lè ṣeré wọlé sọ́dọ̀ yín kó tó dákú lọ́jọ́ karùn-ún. Tábìlì ìsùn tó bá dáa ló máa sọ fún yín ta ni ó wà ní kéèjì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè pe àwọn tó ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé Baba_Excel: àwọ̀ ń sọ ti òní nìkan, tó bá dọ̀la ó ti pa ti àná rẹ́.

Baba_Excel, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀

Ó ti yé mi, ẹ má pa mí. Mo gba ti àwọ̀. Àmọ́ ti ajá méjì nínú kéèjì kan, ọ̀nà ẹ̀ rọrùn: tí ẹ bá fẹ́ gba ajá tuntun, ẹ wò ó bóyá ọjọ́ tó máa wọlé tàbí ọjọ́ tó máa jáde bọ́ sí àárín ọjọ́ ẹni tó ti gbà á ṣáájú. Tí kò bá bọ́ síbẹ̀, kéèjì ṣófo.

Akódátà, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:52 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà yẹn gan-an ló ti dojú ọ̀pọ̀ èèyàn bolẹ̀, èmi náà wà nínú wọn. Ẹ wò ó: Bingo 217 ti gba kéèjì 6 láti ọjọ́ 23 sí 27 oṣù Kejìlá. Oníbàárà míì pè, ó fẹ́ kéèjì 6 láti ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá sí ọjọ́ 2 oṣù Kìíní. Ṣé ọjọ́ 20 bọ́ sí àárín 23 àti 27? Rárá. Ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ńkọ́? Rárá. Ẹ máa ní ó ṣófo, Bingo á sì dé lọ́jọ́ 23, á bá ẹlòmíràn lórí ibùsùn ẹ̀.

Bó ṣe yẹ ká béèrè ẹ̀ nìyí: ṣé ẹni tuntun máa wọlé kí ẹni àkọ́kọ́ tó jáde, tí ẹni àkọ́kọ́ náà sì máa wọlé kí ẹni tuntun tó jáde? Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti kọlu ara wọn. 20 ṣáájú 27, bẹ́ẹ̀ ni. 23 ṣáájú 2 oṣù Kìíní, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má gbà á. Ìbéèrè méjì yẹn ló mú gbogbo rẹ̀, ti inú, ti ìta, ti ẹ̀gbẹ́.

Ó sì yẹ kó jẹ́ dátábéèsì (ìyẹn ibi tí gbogbo tábìlì wọ̀nyí wà nínú kọ̀ǹpútà) fúnra rẹ̀ ló máa kọ̀ ọ́, kó má ṣe wà lọ́wọ́ akọ̀wé. PostgreSQL, ètò kan tí a fi ń ṣe dátábéèsì, ní òfin kan fún èyí tí wọ́n ń pè ní exclusion constraint: nọ́ńbà kéèjì kan náà, ọjọ́ tó gun orí ara wọn, ó máa dá ìlà kejì padà ni, kò ní wọlé. Àwọn ọjọ́ tí Ìyá_Kẹ́nẹ̀ẹ̀lì ní ká ti kéèjì pa, inú tábìlì ìsùn kan náà ni ká kọ ọ́ sí, a ò kàn ní fi nọ́ńbà ẹran sí i, a ó kọ ìdí rẹ̀. Òfin kan náà á máa ṣọ́ ọ.

Ìyá_Kẹ́nẹ̀ẹ̀lì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:20 àárọ̀

Ti ajá tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ 27, tí òmíràn wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ 27 ńkọ́? Lọ́dọ̀ mi ojoojúmọ́ ni.

Akódátà, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:26 àárọ̀

Ó kọjá. Mo ní "kí ó tó jáde", mi ò ní "lọ́jọ́ tó jáde". Ọjọ́ ìjáde kì í sí lára ọjọ́ tó sùn. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kó gbẹ, ẹ fi ọjọ́ kan kún ìjáde.

Aṣírò_Owó, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:15 ọ̀sán

Ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà, ẹ kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ owó. Èmi ni mò ń ṣe ìṣirò fún ilé ìwòsàn kan (ti èèyàn ni o), ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí owó ti ń jò.

Òpó "gbèsè" tí dókítà yà yẹn, ẹ yọ ọ́. Kò sí ohun tó ń parọ́ bí òpó gbèsè. Akọ̀wé á gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún, á ní òun á yọ ọ́ kúrò tó bá yá, kò ní yọ ọ́. Ìwé owó sọ ohun tí a ṣe àti iye rẹ̀. Tábìlì owó tó wọlé sọ iye tí wọ́n san, lọ́jọ́ wo, káàṣì àbí tíránsífà, ta ló gbà á. Ẹni tó bá san án lẹ́ẹ̀mẹrin, ìlà mẹ́rin. Gbèsè ni ìyàtọ̀ àárín wọn, ìgbàkigbà tí ẹ bá béèrè ni kọ̀ǹpútà á ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò rẹ̀.

Tábìlì iye owó abẹ́rẹ́ àti kéèjì lè wà lọ́tọ̀, àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ ìwé owó, ẹ da iye ọjọ́ náà kọ sórí ìlà ìwé owó. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kó máa lọ wo iye tuntun. Mo rí ibi kan tí wọ́n fi owó lé ọjà lóṣù Kẹta, gbogbo rìsíìtì ọdún tó kọjá bá yí padà lójú ẹsẹ̀, gbogbo oníbàárà tó ti san tán di onígbèsè. Wọ́n tilẹ̀ fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí wọn.

Ẹlẹ́rọ_Ṣàgámù, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:40 ọ̀sán

Kí ló dé tí dókítà máa fi da ara ẹ̀ láàmú? Àwọn tó ti ṣe irú ètò yìí pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sanwó oṣù, ẹ máa lò ó. Dókítà tó ń kọ́ dátábéèsì dà bí télọ̀ tó ń hun aṣọ fúnra ẹ̀.

Ìyá_Kẹ́nẹ̀ẹ̀lì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:02 ọ̀sán

Mo ti gbìyànjú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Dọ́là ni mò ń san. Nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ lóṣù Kẹfà 2023, owó oṣù kan di ohun tí mo fi ń bọ́ ajá ọ̀sẹ̀ kan. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá tún lọ, mi ò lè rí orúkọ ẹni tó ni ajá tó wà níwájú mi. Mi ò ní kò dáa. Àwọn tó ní owó àti iná, kí wọ́n rà á. Ṣùgbọ́n kódà tí dókítà bá máa rà á, ó yẹ kó kọ́kọ́ ya tirẹ̀ sórí bébà báyìí, kó mọ ohun tó máa béèrè lọ́wọ́ wọn. Èyí tí mo rà ò ní àyè fún ẹni tó lè wá gbé ajá lọ.

Ọmọ_Peckham, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:33 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o láti London. Iwájú tábìlì ìgbàlejò ní ilé ìtọ́jú ẹran ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi òpó microchip (ẹ̀rọ kékeré oní-nọ́ńbà tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ẹran) sí tábìlì ẹran láti ìbẹ̀rẹ̀, kódà bó bá ṣófo fún ọ̀pọ̀. Níbí, dandan ni fún ajá láti 2016, England sì ti sọ ọ́ di dandan fún ológbò láti 2024, ẹran tí wọ́n bá gbé ti òkè òkun bọ̀ máa ń ní in lára. Nọ́ńbà 15 ló tò léra wọn nínú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú ẹ̀ bí ọ̀rọ̀, ẹ má tọ́jú ẹ̀ bí iye tí a lè rò pọ̀. Excel máa ń sọ ọ́ di 9.56E+14, bí ẹ bá wá fi pamọ́ sí CSV, fáìlì tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ lásán, bó ṣe wà yẹn, nọ́ńbà gidi ti lọ nìyẹn. Fóònù náà bẹ́ẹ̀: 0803 á di 803.

Ẹ má sì sọ ọ́ di kọ́kọ́rọ́, ìyẹn ohun tí ẹ fi ń dá ẹran mọ̀, dípò nọ́ńbà tí Akódátà ní kí ẹ máa fún ẹran. Chip lè kú sínú ara, wọ́n á fi òmíràn sí i.

Baba_Excel, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:50 alẹ́

Òótọ́ ni ti 803 o. Gbogbo nọ́ńbà màmá mi ló ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé fáírọ́ọ̀sì ni.

Dókítà_Àkóbọ̀, Ọjọ́rú, 6:48 àárọ̀

Ẹ̀yin ará, orí yín á máa sunwọ̀n. Mo ti ya gbogbo ẹ̀ sórí kádíbọ́ọ̀dù, ó gba gbogbo tábìlì ìjẹun wa, ọkọ mi ní kí n fi bàtà tòun kún un. Ìbéèrè méjì ló kù. Èmi àti akọ̀wé máa ń kọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, láàpútọ́ọ̀pù méjì. Àti pé iná ń lọ láìsọ tẹ́lẹ̀. Bí mo bá ń kọ ọ́ lọ́wọ́ tí iná lọ ńkọ́? Ọdún mẹ́sàn-án ni ìwé mi, ṣé kí n tẹ gbogbo ẹ̀ ni?

Akódátà, Ọjọ́rú, 8:05 àárọ̀

Bó bá jẹ́ láàpútọ́ọ̀pù kan ni, SQLite, ètò dátábéèsì kékeré kan, ni mo máa ní kí ẹ lò, fáìlì kan péré ni. Àmọ́ ẹ má ṣe gbé fáìlì SQLite sí fódà tí kọ̀ǹpútà méjì jọ ń ṣí, ó lè bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Méjì ni yín, ẹ fi PostgreSQL sórí ọ̀kan, kí èkejì máa bá a sọ̀rọ̀ lórí Wi-Fi inú ilé. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì sí owó oṣù. Ẹ lè fi LibreOffice Base, ètò ọ̀fẹ́ kan, ṣe fọ́ọ̀mù síwájú ẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀.

Ti iná: àwọn nǹkan tó jọ lọ, bí ìwé owó àti àwọn ìlà rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú transaction. Bí iná bá lọ láàárín, kò sí èyíkéyìí tó máa wọlé, ẹ ò ní bá ìwé owó tí kò ní ìlà. Lálaalẹ́, ẹ fi pg_dump, irinṣẹ́ tó bá PostgreSQL wá, ṣe ẹ̀dà sórí flash, kí flash náà má sùn sí ilé kan náà pẹ̀lú láàpútọ́ọ̀pù. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ gbé ẹ̀dà yẹn sórí kọ̀ǹpútà míì kí ẹ rí i pé ó ṣí.

Vẹ́ẹ̀tì_Abẹ́òkúta, Ọjọ́rú, 8:40 àárọ̀

Ẹ má tẹ ọdún mẹ́sàn-án o, àwọn kan nínú wọn ti kú. Ẹran tó bá wọlé lónìí, ẹ tẹ tirẹ̀: orúkọ, abẹ́rẹ́ tó gbà kẹ́yìn, àìsàn ńlá tó ti ṣe, oògùn tí ara ẹ̀ kọ̀. Ìwé àtijọ́ wà lórí pẹpẹ, ẹ kọ nọ́ńbà ojú ewé ẹ̀ sára ìlà ẹran. Láàárín ọdún kan, gbogbo àwọn tó ṣì ń wá á ti wọlé tán.

Ẹ fi tábìlì kékeré kan kún un fún ìgbà tí ajá bá bu èèyàn jẹ: ọjọ́, ẹni tó bù jẹ, ajá wo, nọ́ńbà ìsùn bó bá wà lọ́dọ̀ yín. Ọjọ́ mẹ́wàá la fi ń ṣọ́ ajá náà, torí bí kòkòrò dìgbòlugi bá ti wà nínú itọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tó bù ú jẹ, kò ní pé ọjọ́ mẹ́wàá kó tó hàn lára ẹ̀. Ẹni tó bù jẹ kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ mẹ́wàá o. Kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Tábìlì ìsùn ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ajá náà lọ kó tó pé.

Aṣírò_Owó, Ọjọ́rú, 10:11 àárọ̀

Kí akọ̀wé ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, kí dókítà ní tirẹ̀. Òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì àwọn oníbàárà kì í ṣe ohun tí a ń gbé sórí flash fún ẹnikẹ́ni tó bá tọrọ ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì lè pa ìlà owó rẹ́. Àṣìṣe? Ẹ kọ ìlà míì tó dá a padà.

Ìyá_Kẹ́nẹ̀ẹ̀lì, Ọjọ́rú, 1:30 ọ̀sán

Dókítà, ẹ fi òpó kan sí ìsùn fún ohun tó bá ẹran wá: bẹ́líìtì ọrùn, ṣéènì, abọ́, bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan bá mi jà lórí ṣéènì tí kò mú wá.

Dókítà_Àkóbọ̀, Ọjọ́rú, 9:22 alẹ́

Kò ní jẹ́ òpó, ìyá, tábìlì ló máa jẹ́: ajá kan àárọ̀ yìí gbé nǹkan mẹ́fà wá, títí kan ìrọ̀rí. Mo ti ń kọ́ o! Òun la kọ́kọ́ tẹ̀ wọlé. Nọ́ńbà 1. Bingo ni.